Ìwé Kẹrin Ìyá Ẹlẹ́jẹ̀ Dà?

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kú ní Ọjọ́rú, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá òwúrọ̀, lórí àga gbọọrọ kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn tó ti fi ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ṣiṣẹ́. Kì í ṣe orí bẹ́ẹ̀dì. Orí àga tí àwọn tó wá gba èsì àyẹ̀wò máa ń jókòó sí ni. Ó fara ti ògiri, ó di báàgì rẹ̀ mọ́ àyà. Obìnrin tó jókòó tì í rò pé oorun ló gbé e lọ, ó tiẹ̀ sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó lè ráàyè sinmi dáadáa. Ìgbà tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta tí kò dáhùn ni ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ kàn án.

Ó ti di ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń kọ ojú ewé yìí nínú ìwé ìròyìn. Mo ti fi bú àwọn tó kọ́ afárá tó wó. Mo ti fi àwọn tó ń ṣí ẹ̀rọ omi tí kò lómi ṣe yẹ̀yẹ́. N kò fi ẹ̀rù kọ ọ́ rí. Lónìí, ẹ̀rù ń bà mí, ẹ má sì pè é ní àsọdùn akọ̀wé. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́ bó ṣe rí.

Iṣẹ́ ìwádìí nípa ẹ̀jẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe. Ìyá Ẹlẹ́jẹ̀ ni gbogbo ilé ìwòsàn ń pè é, láti ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ẹnu géètì títí dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fọ aṣọ ibùsùn. Kò sí ẹni tó lè kí i tán kó má fi àtàǹpàkò fa awọ abẹ́ ojú onítọ̀hún wálẹ̀. "Wo òkè. Hùn-ún. Ó ti funfun jù. Láti ìgbà wo ló ti ń rẹ̀ ọ́?" Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ mú ìyàwó mi wá hàn án, kò béèrè ilé tó ti wá, kò béèrè iṣẹ́ tó ń ṣe. Ohun tó bi í ni bí nǹkan oṣù rẹ̀ ṣe ń wá sí. Ìtìjú fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí! Àmọ́ kí oṣù méjì tó pé, àárẹ̀ tó ti ń bá ọmọ olọ́mọ fínra láti ọdún mẹ́ta ti fi í sílẹ̀. Àìtó ẹ̀jẹ̀ ni, ẹnikẹ́ni kò sì bi í léèrè rí. Láti ọjọ́ náà, bí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi bá ń jà, ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n mi ni ìyàwó mi máa ń wà.

Ikú bàbá wa ló gbé e dé ìdí iṣẹ́ yìí. Káfíńtà ni bàbá wa, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni nígbà tó kú. Kó tó kú, àwọ̀ ara rẹ̀ yí padà, ó dà bí irin tó ti ń dípẹtà. Oríkèé ọwọ́ rẹ̀ ń dùn ún. Ikùn rẹ̀ wú. Ọwọ́ tó ti ń fa ayùn láti kékeré kò lè gbé ife omi mọ́. Wọ́n ní ọtí ló fà á. Bàbá tí kò fi ẹnu kan ọtí rí! Àwọn ará àdúgbò ń mi orí, àwọn ẹbí ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀, ìyá wa sì ń ru ìtìjú ẹ̀ṣẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ kò dá. Dókítà tó wò ó ní ó jọ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, ó fún un ní oògùn irin, hóró kan láràárọ̀. Bàbá wa lò ó tọkàntọkàn, hóró kan kò fò ó. Ẹ̀gbọ́n mi, tó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún nígbà náà, jókòó ti bẹ́ẹ̀dì, ó ń wo bó ṣe ń gbé e mì, tí ara rẹ̀ sì ń burú sí i. Ó sọ fún mi lẹ́yìn ọdún púpọ̀ pé ibẹ̀ ni òun ti bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara òun pé: oògùn wo ni ẹni tó ń lò ó déédéé á máa tipasẹ̀ rẹ̀ gbẹ bí igi?

Ó fi ogún ọdún wá ìdáhùn náà. Ìgbà tó rí i, èmi ló kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún, nínú yàrá iṣẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ ibi tí wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ sí tẹ́lẹ̀.

"Akọ̀wé," bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn, "ẹni méjì lè gbé àárẹ̀ kan náà wá bá dókítà. Irin kò tó lára ẹni àkọ́kọ́, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò rí nǹkan fi pọ́n. Irin ti pọ̀ jù lára ẹnì kejì, ara rẹ̀ kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń dà á nù, ó wá ń tò ó jọ sínú ẹ̀dọ̀, ó ń tò ó sínú ọkàn. Àwọn kan tiẹ̀ wà tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó tí irin tún pọ̀ lára wọn, nítorí ẹ̀jẹ̀ wọn kò mọ irin náà lò. Lójú, gbogbo wọn jọra. Oògùn kan náà ni wọ́n ń gbà. Ó ń wo ti àkọ́kọ́ sàn. Ó ń pa àwọn tó kù díẹ̀díẹ̀."

Mo ti ń rí àkọlé ìwé ìròyìn lójú mi. "Ṣé ká sọ fáráyé pé kí wọ́n sá fún oògùn náà ni?"

Ó gbá mi lórí. "Ìdí tí mi ò fi ń bá oníwèé ìròyìn sọ̀rọ̀ nìyẹn! Oògùn yẹn ń gba ẹ̀mí aboyún là lójoojúmọ́. Bó o bá kọ ọ́ pé kí wọ́n dà á nù, èmi fúnra mi ni màá pè ọ́ lẹ́jọ́. Àyẹ̀wò ni mo ń wí. Kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wọ́n wò. Ìgò ẹ̀jẹ̀ kékeré kan péré."

Ìgò kékeré kan péré yẹn ló fi gbogbo ayé rẹ̀ wá. Ó gba ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ ẹgbẹ̀ta ènìyàn ó lé méjìlá, ó tò wọ́n sínú fírísà kan tó ń pariwo bí ewúrẹ́ tó fẹ́ bímọ. Bí iná bá lọ, òun fúnra rẹ̀ ló ń sáré lọ tan jẹnẹrétọ̀. Ìwé mẹ́rin ló ní. Ti àkọ́kọ́, ọjọ́ tó gba ẹ̀jẹ̀. Ti ìkejì, èsì. Ti ìkẹta, ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ nípa ara rẹ̀. Nínú ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nọ́ńbà ni ènìyàn, orúkọ kò sí níbẹ̀, nítorí ó gbà pé àṣírí ni ẹ̀jẹ̀ ẹni. Ìwé kẹrin, èyí tó ní èèpo aláwọ̀ ewé, ni orúkọ àti àdírẹ́sì wà. Ó máa ń tì í mọ́nú dúrọ́ọ̀.

Ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ ni nọ́ńbà kìíní. Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ tó ń wọn irin dé, ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn, ó fi ara rẹ̀ dán an wò, ó ń rẹ́rìn-ín. Èsì jáde, ó jókòó. Ohun tó pa bàbá wa wà lára òun náà, ó sì ti kan ọkàn rẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ìtọ́jú rẹ̀ o. Kì í ṣe iṣẹ́ abẹ. Kì í ṣe oògùn tó ń ti òkèèrè wá. Kí wọ́n máa fa ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀ ni. Àpò kan, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, àpò mìíràn. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde, irin á máa bá a jáde. Nọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ń pè ní Ọwọ́-Òwú, nítorí pé èèyàn kì í mọ ìgbà tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ wọlé, ló ń bá a fà á ní Ọjọ́bọ̀. Àwọn méjèèjì á máa ṣòfófó, àpò á máa kún. Ara ẹ̀gbọ́n mi ń mókun. Ó tún ń gun àtẹ̀gùn. Ó tún ń bá mi jà.

Ní oṣù mẹ́rìnlá sẹ́yìn, wọ́n gbé alákòóso tuntun dé. Kò tíì lo oṣù kan lórí àga tó fi lẹ lẹ́tà mọ́ ògiri: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fa ẹ̀jẹ̀ lára ẹni tí kì í ṣe ẹni tó wá fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ, nítorí pé ìfiṣòfò ohun èlò ni. Nọ́ọ̀sì tó bá dán an wò, ilé rẹ̀ ló ń lọ yẹn.

Nínú ilé ìwòsàn tí àwọn èèyàn ti ń wólẹ̀ sunkún lójoojúmọ́ pé kí wọ́n bá àwọn wá ẹ̀jẹ̀, obìnrin kan ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gba tòun. Wọn kò gbà á. Ṣé ẹ ti gbọ́ irú rẹ̀ rí?

Ó kọ lẹ́tà méje. Ẹ̀dà wọn wà lọ́wọ́ mi. Wọ́n fèsì sí ọ̀kan: "Ọ̀rọ̀ yín ti dé etígbọ̀ọ́ wa, a sì ń gbé e yẹ̀wò." Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀. Ìgbìmọ̀ náà kò jókòó lọ́jọ́ kan. Láàárín ìgbà yẹn ni ẹ̀rọ tó ń wọn irin tún bàjẹ́, oṣù mọ́kànlá ló fi wà bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tún un ṣe.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí kò lọ síbòmíràn. Ó lọ. Ìlú tí wọ́n ti ń ṣe é jẹ́ ìrìn àjò odidi ọjọ́ kan, ó lọ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó yá, èémí kò jẹ́ kó lè wọkọ̀. Mo ní kó fiṣẹ́ sílẹ̀, kó wá gbé lọ́dọ̀ mi. Ó wò mí bí ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. "Bí mo bá lọ, ta ló máa ṣọ́ fírísà? Ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn ló wà níbẹ̀, Akọ̀wé. Wọ́n ń retí èsì."

Wọ́n tún ẹ̀rọ ṣe lóṣù tó kẹ́yìn ayé rẹ̀. Pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ti wú, ó ṣe gbogbo àyẹ̀wò tó kù, ó parí ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ṣáájú ikú rẹ̀. Ní Ọjọ́rú yẹn, ó da èsì náà kọ sí bébà, nọ́ńbà nìkan láìsí orúkọ, ó gbé e sínú báàgì, ó lọ bá alákòóso láti sọ pé kí wọ́n ránṣẹ́ pe àwọn tí irin pọ̀ lára wọn kíákíá. Wọ́n ní ọ̀gá ń ṣe ìpàdé, kó lọ jókòó.

Ọwọ́-Òwú sọ ìyókù fún mi, ó ń fi etí aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ nu ojú. "Mo rí i níbẹ̀. Ètè rẹ̀ ti yí padà. Mo ní, 'Ìyá, màá fà á lónìí, kí wọ́n lé mi.' Ó ní, 'Ṣé àwọn ọmọ rẹ máa jẹ lẹ́tà ìdádúró?' Mo sáré lọ mú àpò. Ìgbà tí mo máa fi padà dé..." Dókítà kan ti sọ fún mi pé bó tiẹ̀ fà á lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Oṣù mẹ́rìnlá ṣáájú ló yẹ kí ẹnì kan ti ní ìgboyà. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún nọ́ọ̀sì náà kí ọkàn rẹ̀ lè fúyẹ́. Kò fúyẹ́.

Wọ́n fi òdòdó ránṣẹ́ síbi ìsìnkú. Wọ́n kọ ọ́ sára káàdì pé òpómúléró ni, pé àlàfo tó fi sílẹ̀ kò ní ṣeé dí. Wọ́n ṣi orúkọ rẹ̀ kọ. Ní ti àlàfo, ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ni wọ́n fi dí i. Ìgbà tí mo lọ kó ẹrù rẹ̀, ọ̀dà tuntun ṣì tutù lára ògiri yàrá náà, wọ́n ti gbé àga onírọ̀gbọ̀kú méjì síbẹ̀, wọ́n ní àwọn àlejò pàtàkì ni yóò máa jókòó níbẹ̀. Fírísà wà níta, nínú oòrùn, wọ́n ti ṣí ìdérí rẹ̀. Omi ń ṣàn lábẹ́ rẹ̀, ó pọ́n díẹ̀.

Mo dúró tì í. Ẹgbẹ̀ta ènìyàn ó lé méjìlá ló ń ṣàn lọ sínú gọ́tà.

Bàbá tó ń gbálẹ̀ fà mí sí kọ̀rọ̀. "Ẹ má bínú, àbúrò Ìyá Ẹlẹ́jẹ̀. Wọ́n ní kí n dáná sun gbogbo ìwé. Mo tọ́jú mẹ́ta, mo mọ̀ pé èèyàn rẹ̀ á wá." Ó yọ wọ́n jáde lábẹ́ àwọn àkísà rẹ̀.

"Ìkẹrin ńkọ́, bàbá? Aláwọ̀ ewé?"

"Èyí yẹn? Akọ̀wé ọ̀gá wá mú un lọ sókè. Ó ní orúkọ èèyàn wà nínú ẹ̀."

Mo gòkè. Akọ̀wé ọ̀gá wo àwọn èékánná rẹ̀. "A ò gba ìwé kankan, sà."

Mo gbé mẹ́ta tó kù lọ sílé. Mo jókòó sídìí tábìlì oúnjẹ lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, mo ṣí ti ìkẹta, torí pé mo fẹ́ rí ìkọ̀wé rẹ̀ ni. Mo ń kà á lọ títí mo fi dé nọ́ńbà ẹgbẹ̀ta ó lé ọ̀kan: "Ọkùnrin, ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta. Àárẹ̀. Oríkèé ọwọ́ ń dùn ún, ó ní iṣẹ́ kíkọ ló fà á. Àwàdà rẹ̀ ti pọ̀ jù, kò jẹ́ kí n rí iṣan."

Mo rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, n kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta tí mo fi ń sá fún abẹ́rẹ́ rẹ̀, ó gba ẹ̀jẹ̀ yẹn lára mi, ó ti lé ní ọdún kan ààbọ̀ báyìí, ẹ̀rọ sì bàjẹ́ kó tó kan tèmi. Mo ti gbàgbé. Ní Sátidé tó ṣáájú ikú rẹ̀, ó pè mí lórí fóònù, ó ní, "Akọ̀wé, wá rí mi lọ́jọ́ Ajé. Má fòyà. Ṣáà wá." Mo ní iṣẹ́ pọ̀, pé tó bá di ìparí ọ̀sẹ̀ màá yọjú. Mo ṣí ìwé kejì. Mọ́kàndínlógójì... rárá, mo tún un kà, ọwọ́ mi ń fo ojú ewé: mẹ́tàlélógójì ni nọ́ńbà tó fi bírò pupa yí po, kò ka tirẹ̀ mọ́ wọn. Ẹgbẹ̀ta ó lé ọ̀kan wà lára wọn. Ó yí i po lẹ́ẹ̀mejì.

Ìgò oògùn irin kan wà níwájú mi lórí tábìlì yẹn. Mo ti ń lò ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Olóògùn àdúgbò ló tà á fún mi nítorí àárẹ̀, n kò sì sọ fún ẹ̀gbọ́n mi, torí mo mọ̀ pé á bú mi. Ìyàwó mi bá mi níbi tí mo ti ń wò ó. "Kí ló dé? Kí ló ṣe ojú ẹ báyìí?" Bàbá mi ni mò ń rí, tó la ẹnu sílẹ̀ bí ọmọdé, tí ìyá mi ń fi hóró kan sí i lórí ahọ́n.

Mo ti lọ sí ìlú tó jìnnà yẹn. Òótọ́ ni. Wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ lára mi lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n ní ẹ̀dọ̀ mi ti fara gbá díẹ̀, àmọ́ pé mo tètè dé. Mo tètè dé! Lóṣù tó ń bọ̀ ni èmi náà á pé ọdún mọ́kànléláàádọ́ta. Àwọn ọmọ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń retí èsì tiwọn. Àbígbẹ̀yìn wọn fọwọ́ kan àyà ara rẹ̀ níbi tí a ti ń jẹun, ó ní, "Dádì, ṣé irin wà nínú tèmi náà?" Mo ní kó jẹ oúnjẹ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó ń bà mí kì í ṣe ti ara mi nìkan. Mo rí ara mi nínú ìwé nítorí pé ẹ̀gbọ́n mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn méjìlélógójì tó kù ńkọ́? Mo ka èyí tó tẹ̀ lé tèmi: "Obìnrin, ọdún mẹ́rìndínlógójì, aránṣọ. Ọmọ mẹ́rin. Ó ń lo oògùn irin láràárọ̀ láti ọdún méjì, ó ní àárẹ̀ kò lọ." Òun náà ní àmì pupa. Aránṣọ wo? Ní òpópónà wo? Ní àárọ̀ yìí, bí mo ṣe ń kọ èyí, obìnrin yẹn ti bu omi, ó ti ju hóró kan sẹ́nu, ó ti dúpẹ́ pé òun ń tọ́jú ara òun. Mo ti wọ ṣọ́ọ̀bù aránṣọ mẹ́tàdínlógún láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mò ń wo ojú àwọn obìnrin bí wèrè. Ọ̀kan ti ní òun á pe ọkọ òun wá bá mi.

Ẹ̀yin alákòóso, ẹ̀yin ọmọ ìgbìmọ̀ tí kò jókòó, ẹ̀yin tí ẹ fi ọwọ́ sí i pé kí wọ́n yọ wáyà fírísà: ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, èmi kò sì ní dákẹ́. Ta ló pàṣẹ pé kí wọ́n dáná sun iṣẹ́ ogún ọdún kí àlejò lè rí ibi jókòó? Ta ló ka lẹ́tà méje tó sì dá wọn padà sínú fáìlì? Mo fẹ́ orúkọ wọn, mo sì fẹ́ kí ilé ẹjọ́ gbọ́ ọ. Mo fẹ́ kí ẹ já lẹ́tà yẹn kúrò lára ògiri, kí Ọwọ́-Òwú lè máa fa ẹ̀jẹ̀ ẹni tó bá yẹ kó fà láìwo ẹ̀yìn. Àmọ́ ìyẹn lè dúró di ọ̀la. Ìwé kẹrin kò lè dúró.

Ẹ̀yin tí ẹ fún Ìyá Ẹlẹ́jẹ̀ ní ẹ̀jẹ̀ yín, ẹ má dúró de ilé ìwòsàn náà. Ẹ má kàn da oògùn yín nù, ẹ tọ dókítà lọ, ẹ ní kó wọn irin tó wà lára yín kí ẹ tó gbé hóró mìíràn mì. Bí ó bá ní kò pọn dandan, ẹ lọ bá ẹlòmíràn.

Ẹ̀yin tí ìwé náà wà lọ́wọ́ yín, ẹ mú un jáde lọ́sẹ̀ yìí. Bí ẹ bá sì ti sun ún, ẹ sọ ọ́ lójú gbogbo wa, kí ẹni tó ṣáná sí i dìde nídìí tábìlì rẹ̀, kó bọ́ sójú títì, kó máa kan ilẹ̀kùn láti ilé dé ilé, títí yóò fi rí ẹni ìkẹyìn lára wọn.